Etíkìítàsé àti Ẹ̀rọ Atúnhùnṣe

Èmi àti ẹ̀yin là ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìgbohùnsílẹ̀ Ìjọba kì í lọ síbi iṣẹ́ ní tiẹ̀. Ó máa ń dé ni. Awakọ̀ á kọ́kọ́ fọn fèrè lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ géètì ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀. Akọ̀wé á sáré jáde, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, báàgì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìwé ìròyìn àná lọ. Ọ̀gá á wá sọ̀ kalẹ̀, á dúró sáàárín àgbàlá, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dijú. Gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá kẹta," á wí, "ohùn rẹ̀ ti fi díẹ̀ lọ sókè ju tàná lọ."

"Háà, ọ̀gá mi!" Akọ̀wé á pàtẹ́wọ́. "Etí kì í tàsé!"

Bó ṣe di Etíkìítàsé nìyẹn, tí orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó lọ wo yàrá kẹta rí. Ẹni tó bá lọ ì bá rí i pé ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá, pé aláǹgbá ló ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa tìtorí aláǹgbá pàdánù iṣẹ́?

Akọ̀wé yìí náà ní orúkọ tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀nisà ni wọ́n ń pè é tó bá ti kọ ẹ̀yìn, nítorí kò sí ìdáhùn mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló ní kó o jókòó?" ó sì fi tọkàntọkàn dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún yín kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Etí Etíkìítàsé ò gbọ́ ju tẹ̀yin lọ, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Ilé iṣẹ́ omi ló ti ń ṣe ọ̀gá kí wọ́n tó gbé e wá sídìí orin. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ sítúdíò, wọ́n jẹ́ kó gbọ́ orin kan, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń mirí, wọ́n ń sọ pé ìsàlẹ̀ pọ̀ jù, pé òkè ń gún etí. Ní tiẹ̀, orin ló gbọ́. Orin lásán. Ẹ̀rù bà á dọ́ba. Ó gbà pé Ọlọ́run pín nǹkan kan fún gbogbo ayé lọ́jọ́ tóun ò sí nílé. Láti ọjọ́ náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo "Háà!" kí ẹnikẹ́ni tó pariwo. Ẹni tó bá sì ti kọ́kọ́ pariwo ní ọ́fíìsì ìjọba, kò sẹ́ni tó tún ń bi í ní ìbéèrè.

Inú sáà yìí ni ìròyìn jáde pé Mínísítà ń wá ẹni kan ṣoṣo tí yóò fi ṣe olórí gbogbo ilé rédíò tó wà ní orílẹ̀-èdè. Oorun kúrò lójú Ọ̀gá. Ó fẹ́ ipò náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi, ó sì mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá lè fura pẹ́nrẹ́n pé etí òun ò gbọ́ nǹkan kan, ipò náà lọ nìyẹn, àti èyí tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àkókò yẹn ni ẹ̀rọ náà dé.

Ẹ̀ńjíníà sítúdíò ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un tipẹ́. Obìnrin ni, àbúrò ìyàwó Ọ̀gá sì ni. Nílé, Bọ̀dá ló ń pè é. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá ni, kò sì gbọ́dọ̀ ṣàṣìṣe. Ẹ̀rọ atúnhùnṣe lohun tó bèèrè fún. Bí ohùn olórin bá wúwo jù nísàlẹ̀, wọ́n á yí kókó kan lójú ẹ̀rọ náà, ìwúwo náà á dín kù. Bó bá ń ta létí lókè, wọ́n á yí òmíràn, á rọ̀. Irin gbọọrọ ni, ó gùn tó láti igunpá dé orí ìka, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ férémù onírin níbi táwọn ẹ̀rọ yòókù tò sí, ọ̀kan lórí èkejì. Gílóòbù kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́, tó máa ń pọ́n bí ẹyín iná, tó sì gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí wọ́n tó lò ó. Lápá ọ̀tún pátápátá, súwíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, iná tín-ín-rín kan á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn á sì gba inú ẹ̀rọ kọjá. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á gba ẹ̀yìn lọ láì tilẹ̀ yà wo inú. Kí ẹni tó ń yí kókó máa yí i títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó, ohun kan ò ní yí padà.

Ẹ̀ńjíníà de nọ́ọ̀tì tán, ó so wáyà, ó tan iná sí i, ó wá jókòó tì í pé kó gbóná. Kò tíì tẹ súwíìṣì. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá ya wọlé, Bẹ́ẹ̀nisà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ń sọ!" Ọ̀gá ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ni o, kì í ṣe èèyàn. "Ẹ fi orin sí i."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́..."

"Orin, mo ní!"

Ẹ̀ńjíníà fi orin sí i. Ọ̀gá na ìka méjì bí ẹni tó fẹ́ mú ìyọ̀, ó di kókó kan mú, ó yí i. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yí i sí i. Orin náà ń lọ bó ṣe ń lọ. Ó rò ó pé àṣírí òun ti tú, pé gbogbo yàrá ń gbọ́ ohun ńlá kan tóun ò gbọ́. Ló bá dijú, ó mí kanlẹ̀.

"Háà!"

"Háààà!" Bẹ́ẹ̀nisà fò sókè. "Ọ̀gá! Àfi bí ìgbà tí wọ́n nu dígí!"

"O gbọ́ ọ?" Ọ̀gá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Ẹ̀ńjíníà na ọwọ́ sí súwíìṣì, ó sì dá ọwọ́ padà. Ẹ wò ó, ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yín, tó tún jẹ́ ọ̀gá yín, ṣẹ̀ṣẹ̀ dijú tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀ tán. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rọ kò tíì sí lẹ́nu iṣẹ́? Ó ní òun á sọ fún un lọ́la. Lọ́la dé, Ọ̀gá ti pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ń sọ fún wọn bí ọwọ́ òun ṣe sọ orin di tuntun. Ó ku ọ̀túnla. Ọ̀túnla náà dé, ó kọjá lọ.

Bí Ìfọwọ́kàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òfin jáde pé ohùn kankan, ì báà ṣe orin, ì báà ṣe ìròyìn, ì báà ṣe ìkéde pé ajá kan sọnù, kò gbọdọ̀ kúrò nínú ilé náà láìjẹ́ pé ọwọ́ Ọ̀gá kan kókó fún un. Wọ́n ṣe àga onítìmùtìmù kan fún ìlò náà nìkan. Olórin á kọrin tán, á jáde sí yàrá ẹ̀rọ, á dúró sẹ́bàá ògiri. Ọ̀gá á wọlé, gbogbo èèyàn á dìde. Á jókòó, á fẹ́ atẹ́gùn sí orí ìka rẹ̀, á wá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," á bẹ̀rẹ̀, "ohùn dà bí ọmọ tuntun. Ìyá rẹ̀ bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ku ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́. Ta ló ń wẹ ohùn orílẹ̀-èdè yìí?"

"Ẹ̀yin ni!"

"Ta ló ń nù ún gbẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà!"

Á yí kókó. Wọ́n á pariwo. Olórin, tí kò mọ̀ bóyá kóun sunkún ni tàbí kóun rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́. Wọ́n ń bá ara wọn díje débi pé awakọ̀ tó jókòó sínú mọ́tò níta ní òun gbọ́ ìyàtọ̀ náà láti ibẹ̀. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́yìn ilé ní àtìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ti dé ni òun ti ń sùn dáadáa. Akápò, tí kò fẹ́ kẹ́yìn, ní òun kì í fi etí gbọ́ ọ, orúnkún lòun fi ń gbọ́ ọ.

Onídùùrù nìkan ló ya aláìgbọ́n. Ọkùnrin tó ti ń tẹ dùùrù níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ìdajì ilé náà ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe bá dé ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n parí Ìfọwọ́kàn, ariwo ń lọ lọ́wọ́, ó họ orí.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan o."

Ẹ̀ńjíníà wo ilẹ̀. Àyà Ọ̀gá já, torí ẹni kan ṣoṣo tó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀ yìí. Ká ní ó gbá a mọ́ra lọ́jọ́ náà ni, ìtàn yìí ì bá má sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn gbá ẹnikẹ́ni mọ́ra.

"O ò gbọ́ ìyàtọ̀," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí dókítà. "Ó mà ṣe o. Etí rẹ ti kú. Láti ọ̀la lọ, géètì ni kó o máa ṣí. Fèrè mọ́tò á bá ọ là á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Onídùùrù lọ sí géètì. Ọ̀rọ̀ wá tẹ̀lé e jáde pé ẹnikẹ́ni tí etí rẹ̀ ò bá gbọ́ Ìfọwọ́kàn, kó lọ máa tọ́jú etí náà nílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí etí tó tún ń ṣàìsàn.

Nítorí pé kò gbọ́ nǹkan kan, Ọ̀gá ń yí kókó síwájú sí i ni lójoojúmọ́. Ó ń rò pé bóun bá yí i jìnnà tó, ó ń bọ̀ wá dé ibi tí etí òun náà á ti gbọ́ ọ. Kókó ìsàlẹ̀ lọ títí ó fi dé òpin. Ti òkè náà dé òpin. Ti àárín, ó yí i padà sẹ́yìn títí kò fi lè lọ mọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Ló bá kéde pé ibẹ̀ gan-an ni pípé wà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yẹ kókó kankan kúrò níbi tóun fi sí.

Ẹ̀ńjíníà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé lọ́sàn-án Sátidé, ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́ rí."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Èyí tí Bọ̀dá ń fọwọ́ kàn. Mi ò tẹ súwíìṣì ẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Ìyàwó Ọ̀gá wo àbúrò rẹ̀. Ó fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Lọ tẹ̀ ẹ́, nígbà náà."

"Kí n tẹ̀ ẹ́ kẹ̀? Ẹ ò mọ ibi tó yí àwọn kókó yẹn dé! Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ilé á wó."

"Sọ fún un."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Èmi ṣì fẹ́ jẹun."

Ó gbìyànjú lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jẹun tán lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì í.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ yín yẹn, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tó ń ṣe lóòótọ́?"

Ọkùnrin náà gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wù ú kó sọ ọ́. Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Obìnrin yìí ti bá a gbé pẹ́, ó ti rí i nígbà tí kò ní bàtà. Ṣùgbọ́n ó rántí Mínísítà, ó rántí ipò.

"Kí ni wọ́n ń pè mí?" ó bi í.

"Ẹ dákẹ́ náà."

"Mo ní kí ni wọ́n ń pè mí?"

"Etíkìítàsé," obìnrin náà dáhùn, ó sì kó abọ́ lọ sí kíṣìnì.

Mínísítà kọ̀wé pé òun ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ ka ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún aráàlú lórí ìfọ̀kànbalẹ̀, kí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kóun sì fi ojú ara òun rí ẹ̀rọ tí òkìkí rẹ̀ ń kàn. Ẹ ò rí i bí ilé náà ṣe gbóná! Wọ́n kun ògiri tí àlejò máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ti òdìkejì sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n á ṣe máa pàtẹ́wọ́, ti kíkí lọ́tọ̀, ti ìyanu lọ́tọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá nìkan wọ yàrá ẹ̀rọ, ó mú aṣọ ìnuwọ́ funfun lọ́wọ́. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ náà, kó máa dán tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Ó nù ún, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú férémù ló ń tanná, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Tiẹ̀ nìkan ló ní iná tín-ín-rín kan tí kò tàn.

"Ṣé kí Mínísítà rò pé a ò ní iná ni?" ó sọ fún ara rẹ̀.

Ó rí súwíìṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná náà tàn. Inú rẹ̀ dùn, ó sì jáde.

Mínísítà dé. Bẹ́ẹ̀nisà sáré ṣílẹ̀kùn tó ti ṣí. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ ìkíni, ó pe Mínísítà ní òòrùn, ó pè é ní òjò, kò rántí pé àwọn méjèèjì kì í sábà dé pọ̀. Ó wá nàka sí ẹ̀rọ.

"Ọwọ́ mi yìí ló wà lórí gbogbo kókó yìí, sà. Ó pẹ́ tí mi ò ti yí wọn mọ́. Ibi tí wọ́n wà yìí ni pípé. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi."

Mínísítà wọ yàrá dígí, ó jókòó ti máìkì. Kò fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ara ẹni dé etí, ó ní yóò ba fìlà òun jẹ́. Ẹ̀ńjíníà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀. Mínísítà ya ẹnu, gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yàrá ẹ̀rọ sì gbọ̀n rìrì.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín? Nísàlẹ̀, ó ń dún bí ẹni tí wọ́n dé mọ́ inú àgbá omi. Lókè, bí ẹni tó ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Láàárín méjèèjì, níbi tí ọ̀rọ̀ èèyàn máa ń wà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Mínísítà ń wí nínú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Sípíkà ń bú ramúramù.

Etíkìítàsé gbọ́ ọ.

Ó gbọ́ ọ kedere, láìsí iyèméjì. Ẹ má bú mi tí mo bá sọ fún yín pé ayọ̀ ló kọ́kọ́ mú un. Ayọ̀ gidi! Etí òun gbọ́ràn. Etí òun kò lábùkù kankan, Ọlọ́run ò yọ òun sílẹ̀. Ó wo iná tín-ín-rín yẹn, ó wo súwíìṣì, gbogbo rẹ̀ sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà, láti ọjọ́ kìíní. Nígbà náà ló fa àga, ó jókòó.

"Bọ̀dá." Ẹ̀ńjíníà ti gbàgbé pé ibi iṣẹ́ làwọn wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n pa á, kí n ní kí Mínísítà tún un kà. Ìka kan ni. Ẹ sọ pé ẹ̀rọ ṣe wọ́nranwọ̀nran, ó tán."

Ì bá sì tán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń rò. Bí wọ́n bá pa á, ohùn á mọ́ gaara. Mínísítà á ní, "Ṣé wọ́n ti yọ ẹ̀rọ ni?" Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Á ní, "Ó dùn jù báyìí. Ẹ̀rọ wo lẹ wá ń pàtẹ́wọ́ fún látọjọ́ yìí?" Àti Onídùùrù lẹ́nu géètì. Àti gbogbo olórin tó dúró sẹ́bàá ògiri. Bẹ́ẹ̀nisà, tí ojú rẹ̀ ti ràn bí ti òkú, ń wo ẹnu Ọ̀gá láti mọ ohun tí etí òun gbọ́. Ọkùnrin tó ti ń ṣe bí ẹni tó gbọ́ nígbà tí kò gbọ́, ọjọ́ tó wá gbọ́ náà ló gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Má fọwọ́ kàn án," ó wí.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní má fọwọ́ kàn án!" Ó dijú. Omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dì í. "Háà!"

"Háààà!" Bẹ́ẹ̀nisà rí ibi sá sí. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́, ti ìyanu.

Mínísítà jáde, wọ́n jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn.

"Ṣé èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin gan-an nìyí, sà," Ọ̀gá dáhùn. "Etí lásán kì í gbọ́ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀. Etí ńlá nìkan ló ń gbọ́ ọ."

Mínísítà wo yàrá yíká. Gbogbo orí ń mì. Òun náà kò fẹ́ kí wọ́n ní etí òun kéré. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, "mo gbọ́ ọ. Ó jinlẹ̀." Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án.

Àwọn aráàlú ò sí nínú yàrá náà, wọn ò sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n mirí. Àwọn ọmọdé sá wọ abẹ́ ibùsùn. Àwọn mìíràn gbé rédíò wọn jáde síta kó lè gbatẹ́gùn. Àwọn tó gbọ́ "Ẹ fọkàn balẹ̀" nínú rẹ̀, àwọn gan-an ni ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Ìyá Mínísítà ló kọ́kọ́ tẹ ọmọ rẹ̀ láago. "Ẹnì kan ń bú ramúramù lórí rédíò, ó ní òun ni ẹ́. Ọmọ mi, ṣé wọn ò jí ẹ gbé?" Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sí ọmọ iléèwé tí kò lè sín Mínísítà jẹ: wọ́n á kàn ki orí bọ inú korobá.

Ọjọ́ kejì, Mínísítà padà wá láìfọn fèrè. Òun àti ẹlẹ́rọ kan tó mú wá látìta wọ yàrá ẹ̀rọ. Ẹlẹ́rọ náà wo kókó, ó súfèé, ó sì fi súwíìṣì han Mínísítà. Mínísítà bèèrè pé ta ló tẹ súwíìṣì. Ẹ̀ńjíníà ní òun kọ́. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti dè é mọ́bẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́ rí, òun mọ̀, òun sì dákẹ́, kí wọ́n fi ìyà òun jẹ òun. Mínísítà yíjú sí akọ̀wé.

"Ìwọ, o máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọn ò tẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òpùrọ́ ni ẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Ó wá ku Ọ̀gá. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, sà," ó wí kí wọ́n tó bi í. "Mo fẹ́ kí iná ẹ̀ tàn."

"Nígbà tí ohùn mi wá jáde bẹ́ẹ̀, ṣé o gbọ́ pé kò dáa?"

Ẹ ò rí ìbéèrè! Bó bá ní òun ò gbọ́, kò létí, kí ló ń ṣe nídìí orin? Bó bá ní òun gbọ́, kí ló dé tó jẹ́ kó lọ? Ẹni tó bá gbọ́n á ṣubú lulẹ̀, á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú òun. Ọ̀gá kò ṣubú. Ohun kan wà tó ti wù ú láti sọ láti ìgbà tó ti wọ ilé náà, tí kò rí i sọ lóòótọ́ rí.

"Mo gbọ́ ọ, sà," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ pátá. Mo gbọ́ ọ dáadáa."

Òtítọ́ yẹn ló pa á. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kí ọ́fíìsì tó palẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀nisà ò sáré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ọ̀gá tuntun. Onídùùrù ló ṣí géètì fún un. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," láìrẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ì bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Ìjọba kì í lé ènìyàn ńlá dànù, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kún fún ìyìn. Wọ́n ní níwọ̀n bí etí rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó, kó wá máa fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti nílò etí jù lọ. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí aráàlú ti ń fi ẹjọ́ sùn, tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń pariwo. Láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́, ẹni tí omi kò dé ilé rẹ̀, ẹni tí gọ́tà kún mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ń to ìlà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó ti mirí, ó ti dijú, ó ti ní, "Mo gbọ́, mo gbọ́." Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ìyá àgbà kan ló kẹ́yìn ìlà. Ó di nǹkan kan sínú aṣọ, ó gbé e lé orí tábìlì, ó tú u. Rédíò kékeré ni, inú rẹ̀ kún fún omi, igi ara rẹ̀ ti wú. Ohùn ìyá náà lọ sílẹ̀ gan-an. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún sọ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ohùn Mínísítà kan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó rò pé rédíò ti gbiná kan wà níbẹ̀, ariwo ẹ̀rọ amúlétutù sì gbé èyí tó kù lọ. Ó wá wo ojú ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi, sà?"

Orí rẹ̀ ti fẹ́ mì. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ dì. Ó wo omi tó ń kán láti ara rédíò sórí tábìlì.

"Rárá, mà," ó wí. "Mi ò gbọ́ yín."

Ó dìde, ó lọ pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ó gbé àga rẹ̀ yí tábìlì ká, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."